Wọ́n ní ká yan “coordination”: kí ni ká pè é kí ìpàdé má tún tú?

Akọ̀wéKétu (Kétu) | Ọjọ́rú, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti da ìpàdé wa rú, èmi akọ̀wé ni wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló ń lo fọ́ráàjì (kànga ẹ̀rọ) kan ṣoṣo ní àdúgbò wa: àwọn ìyá ẹlẹ́gàrí, àwọn alágbàdo, àwọn ọlọ́kadà tó ń wá fọ ọ̀kadà wọn, àti ẹgbẹ́ òbí ọmọ ilé-ìwé. Ó ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí. Nígbà tó bàjẹ́ kẹ́yìn, oníkálukú ní ẹgbẹ́ kejì ló kàn láti tún un ṣe, a sì ń pọn omi odò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn tó bá wa gbẹ́ ẹ wá kọ lẹ́tà sí wa ní Faransé, pé ká “mettre en place une coordination”, ìyẹn ká dá coordination kan sílẹ̀, ká sì yan “un coordonnateur”, ẹni tí yóò máa ṣe é. Èmi ni mo kà á níwájú ìpàdé ní Sátidé tó kọjá. Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí: mo pe coordination ní “ìgbìmọ̀ ìdarí”, mo pe coordonnateur ní “olùdarí”.

N ò tíì gbẹ́nu kúrò nínú “olùdarí” tí ìyá àgbà àwọn ẹlẹ́gàrí fi dìde, tí wọ́n tún ìró wọn ró, tí wọ́n ní: “Ta ni yóò máa darí mi? Nínú ẹ̀yin tí mo wẹ̀ lọ́mọdé yìí?” Ọlọ́kadà kan fèsì tí kò yẹ kó fèsì. Àwọn alágbàdo gbé àga rọ́bà wọn. Ó parí.

Sátidé tó ń bọ̀ la máa tún jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni coordination túmọ̀ sí gan-an, níbo ló ti wá, kí sì ni mo lè kọ sínú ìwé ìpàdé tí kò ní dá ìjà sílẹ̀?

Olùkọ́Fẹ̀yìntì (Àjàṣẹ́) | Ọjọ́rú, 10:03 alẹ́

Kú iṣẹ́, àbúrò mi. O jẹ nínú ẹ̀bi náà, àmọ́ Faransé ló kọ́kọ́ ṣì ọ́ lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Látìnì ni. “Co-” tó wà níwájú ni “pọ̀”, bí ìgbà tí a bá ní a kó jọ pọ̀. Èyí tó kù ni “ordinatio”, ìyẹn títo nǹkan, wọ́n sì mú òun náà jáde lára “ordo”. Kí ni ordo? Ìlà ni. Ẹsẹ ni. Bí ọ̀gágun Róòmù bá to ọmọ ogun rẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan ni ordo. Bí wọ́n bá to ìjókòó sí ibi ìwòran, ẹsẹ ìjókòó kọ̀ọ̀kan ni ordo.

Ibi ìwòran yẹn la ti lè rí bí ìlà ṣe ń di ipò. Ní ọdún 67 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n ṣe òfin kan ní Róòmù tó fi ẹsẹ ìjókòó 14 sọ́tọ̀ fún àwọn ọlọ́rọ̀ tí wọ́n ń pè ní equites, lẹ́yìn ìjókòó àwọn sẹ́nétọ̀. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, o ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹ má sọ pé ó jìnnà sí wa o. Ẹ lọ sí òde ìyàwó ní Àjàṣẹ́ níbí: àga onítìmùtìmù níwájú, àga rọ́bà láàárín, bẹ́ǹṣì lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó máa sọ ipò rẹ fún ọ, ìdí rẹ ni yóò sọ ọ́.

Láti ipò, ó tún di àṣẹ. Ibẹ̀ ni “ordre” tí Faransé ń lò lónìí ti di olójú méjì. “Mettre en ordre”, kí o to nǹkan dáadáa. “Donner un ordre”, kí o pàṣẹ. Ẹni tó bá ti jẹ ìyà ordre onípàṣẹ rí, bí ó bá gbọ́ coordination, àṣẹ ni etí rẹ̀ máa mú. Ọ̀rọ̀ náà kò sì wí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà ní ìlà kan náà ni ó ń sọ pé kí wọ́n tò pọ̀. Ẹ fi í wé ìkejì rẹ̀, “subordination”: sub ni abẹ́, ẹnì kan wà lábẹ́ ẹnì kan. Nínú co-, kò sí abẹ́.

Faransé ti ń lo coordination láti ọ̀rúndún kẹrìnlá. Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní nǹkan bí ọdún 1600. Àwọn ìbátan rẹ̀ sì pọ̀ nílé wa tí a kò fura: ordonnance tí dókítà fi rán yín lọ sí fámásì, ordination tí àwọn Kátólíìkì ń ṣe fún àlùfáà, títí dé ordinateur. Ọdún 1955 ni Jacques Perret, olùkọ́ Látìnì ní Sorbonne, dábàá ordinateur fún iléeṣẹ́ IBM tó ń wá orúkọ Faransé fún kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń to nǹkan ni ó pè é.

Ní tèmi, Yorùbá ti ní ordo kí ìwé Látìnì tó dé ọ̀dọ̀ wa. “Tò” ni. O to igi, o to àwo, ọmọ ilé-ìwé tò sórí ìlà. Láti ibẹ̀ la ti rí “ètò”. Lára ẹsẹ la sì ti rí “lẹ́sẹẹsẹ”. Nítorí náà, ibi ètò ni kí o wá ọ̀rọ̀ rẹ sí. Fi ìdarí sílẹ̀.

ZémAláwọ̀Yẹ́lò (Àjàṣẹ́) | Ọjọ́rú, 10:20 alẹ́

Bàbá Olùkọ́, ẹ ṣeun, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Èmi ní tèmi, mo ti rí coordination rí, ó sì dójú tì mí.

Mo lọ gba ìwé kan ní ọ́fíìsì kan. Fọ́ọ̀mù dé ibi tí wọ́n kọ “Coordonnées”. Mo ronú, mo ronú. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Kò sí. N kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan.” Arábìnrin tó wà lójú fèrèsé kà á, ó pe ẹnì kejì rẹ̀, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nọ́ńbà fóònù àti àdúgbò mi ni wọ́n ń bèèrè!

Olùkọ́Fẹ̀yìntì (Àjàṣẹ́) | Ọjọ́rú, 10:31 alẹ́

Há há! Ìdáhùn rẹ kò burú tó bí wọ́n ṣe rò. Coordonnées ti wà lọ́wọ́ àwọn oníṣirò kó tó dé ojú fèrèsé ọ́fíìsì. Leibniz, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà ní Látìnì ní 1692, fún àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ń to pọ̀ kí wọ́n lè fi tọ́ka sí ojú kan lórí ìlà àti ìdábùú. Ẹyọ kan kò lè júwe ibi tí nǹkan wà, àfi kí méjì pàdé. Bí wọ́n bá ń júwe ilé ní Wàǹdó, “lápá ọ̀tún ọjà” nìkan kò ní gbé ọ débẹ̀.

AláṣọÒfì (Sábẹ) | Ọjọ́bọ̀, 6:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Bàbá Olùkọ́, ẹ bá mi yanjú nǹkan kan. Iṣẹ́ òfì ni mo ń ṣe, Ìsẹ́yìn ni mo ti kọ́ ọ kí n tó padà sí Sábẹ. Nígbà kan wọ́n pè wá síbi ẹ̀kọ́ṣẹ́, ìwé tí wọ́n pín fún wa ní Faransé ń pe nínà òwú ní “ourdir”. Ourdir yìí àti ordo tí ẹ ń sọ, ṣé wọn kì í ṣe ọmọ bàbá kan?

Ìdí tí mo fi bèèrè nìyí. Kí n tó hun ohunkóhun, mo ní láti na òwú gbọọrọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìta la ń pe ìyẹn. Ẹ̀yin tó ń ka Bíbélì ti rí i níbi òfin ẹ̀tẹ̀ nínú Léfítíkù, “ìbáà ṣe ní ìta, ìbáà ṣe ní ìwun”. Ìta ni òwú tó nà, ìwun ni èyí tí ọkọ̀ ń gbé kọjá láàárín rẹ̀. Mo so ìdí ìta mọ́ igi tí mo gbé òkúta lé, lókèèrè níwájú mi, òkúta yẹn ló ń fà á kó lè le. Bí mo ṣe ń hun, òkúta ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀.

Òwú kan ṣoṣo bá dẹ̀ nínú wọn, ẹ máa rí iṣẹ́. Á rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bí irun àgbàdo. Ẹ ò ní tètè rí i, ọwọ́ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ á gbá a, á já, ojú aṣọ á là. Mo sì lè fa òwú yòókù títí, kò ní tún èyí tó dẹ̀ yẹn ṣe. Mo ní láti dìde kúrò nídìí òfì, kí n rìn lọ síbi òkúta, kí n wá ìdí òwú náà, kí n tún un so. Òwú tó dẹ̀ kò kéré sí òwú tó le o, gígùn kan náà ni wọ́n, owó kan náà ni mo fi rà wọ́n.

Olùkọ́Fẹ̀yìntì (Àjàṣẹ́) | Ọjọ́bọ̀, 7:30 àárọ̀

Ọmọ bàbá kan ni, ará Sábẹ! Ourdir wá láti ara “ordiri” ti Látìnì, tó jẹ́ nínà òwú ìta, tó sì tún jẹ́ bíbẹ̀rẹ̀ nǹkan. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ Látìnì ló gbà pé ó ṣeé ṣe kí ordo bá a tan, pé ìlà òwú nídìí òfì ni ìlà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń wí. Mo ti kọ́ ọmọ ní Faransé fún ọdún 31, n kò rí ẹni tó là á yé mi bí òkúta rẹ yẹn.

ZémAláwọ̀Yẹ́lò (Àjàṣẹ́) | Ọjọ́bọ̀, 7:41 àárọ̀

Àwọn Faransé sì ń sọ “ourdir un complot”, wọ́n ń na òwú ọ̀tẹ̀. Akọ̀wéKétu, ẹ ṣọ́ àwọn alágbàdo yín.

ỌmọÌmẹ̀kọ (Ìmẹ̀kọ, Nàìjíríà) | Ọjọ́bọ̀, 12:15 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará òdìkejì bọ́dà, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ṣé ẹ ò gbọ́ rédíò wa ni? Ọ̀rọ̀ náà ti wà. “Olùṣekòkáárí” ni coordonnateur, “ìṣekòkáárí” ni coordination. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Akọ̀wéKétu (Kétu) | Ọjọ́bọ̀, 1:02 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo sáré lọ bá ìyá àgbà nídìí ààrò gàrí láti dán an wò. Mo ní “Ìyá, tí a bá pè é ní olùṣekòkáárí ńkọ́?” Wọ́n tẹ́tí, wọ́n ro gàrí lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i. Wọ́n ní: “Kòkó ló fẹ́ kárí ni?”

Kò dé ọ̀dọ̀ wọn rí, ìyẹn la rí.

ỌmọÌmẹ̀kọ (Ìmẹ̀kọ, Nàìjíríà) | Ọjọ́bọ̀, 1:10 ọ̀sán

Mo jọ̀wọ́ ara mi.

Òtítọ́Korò (Àjàṣẹ́) | Ọjọ́bọ̀, 8:55 alẹ́

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, mo kí yín. Mo ka ohun tí ẹ kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dùn, àmọ́ ẹ ń fi ọ̀rọ̀ àwọn òkú Róòmù dá ìyá alààyè lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ kì í gbé ilé tí wọ́n ti bí i títí. Mo bá wọn ṣiṣẹ́ níbi iṣẹ́ àkànṣe kan fún ọdún méjì. Coordonnateur wa ló ni sítáǹbù. Òun ló ni kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Òun ló ń buwọ́ lu owó epo. Bí a bá kọ ìròyìn, orúkọ rẹ̀ ni yóò wà lókè. Oṣù mẹ́ta ló jẹ wá lówó, ẹni tó bá bèèrè, wọ́n á ní ó ń da coordination rú. “Ìlà kan náà, ìlà kan náà”: ìlà wo? Èmi wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Olùkọ́ ṣe wí.

Ìyá yẹn kò ṣì í gbọ́. Ó gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ti dà.

Olùkọ́Fẹ̀yìntì (Àjàṣẹ́) | Ọjọ́bọ̀, 9:20 alẹ́

Mo gba èyí. N kò ní jiyàn rẹ̀.

Fọwọ́Wò (Àjàṣẹ́) | Ọjọ́bọ̀, 10:44 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó. Mo ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ aláìsàn láti tún rìn. Ẹ jẹ́ kí n fi coordination ti ara kún un, torí òun nìkan ni mo ń rí látàárọ̀ dálẹ́.

Bàbá kan wà lọ́wọ́ mi báyìí. Bí ẹ bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ máa ké, agbára wà níbẹ̀ dáadáa. Mo ní, “Bàbá, ẹ fi ìka kan imú yín.” Ìka gbéra, ó ń bọ̀ geere. Bó ṣe ku díẹ̀ kó dé imú ni ìgbọ̀n bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ sọ́tùn-ún sósì, ó sì balẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ife ẹ̀kọ bá ṣe ń sún mọ́ ẹnu ni ó ṣe ń gbọ̀n sí i. Iṣan kò kú. Egungun kò ṣẹ́. Àwọn iṣan ni kò gbọ́ ara wọn mọ́: èyí fà kí tìyẹn tó dẹ̀.

Ọpọlọ kékeré tó wà ní ẹ̀yìn orí, lókè ọrùn, ló ń rí sí i. Kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ọpọlọ lọ ní títóbi, síbẹ̀ inú rẹ̀ ni èyí tó ju ìdajì gbogbo sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń gbé iṣẹ́ ránṣẹ́ wà. Ará Faransé kan, Pierre Flourens, ló fi ẹyẹlé ṣàyẹ̀wò rẹ̀, ó sì kọ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1824. Ó ń gé ọpọlọ kékeré náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹyẹlé ṣì ń ríran, ó ṣì ń gbọ́ràn, ó ṣì ń ju apá, ó ń ju ẹsẹ̀, àmọ́ kò lè fò, kò lè rìn, kò lè dúró. “Coordination” ni Flourens fúnra rẹ̀ pe ohun tí ẹyẹlé náà pàdánù. Ẹ ò ní láti pa ẹyẹlé kẹ́ ẹ tó rí i o. Ẹ wo ẹni tó mu sódàbì yó lójú ọ̀nà Àjàrá.

Ohun tí mo fẹ́ kí Akọ̀wéKétu gbọ́ ni pé ọpọlọ kékeré yìí kọ́ ló ń pàṣẹ pé kí ọwọ́ gbéra. Ibòmíì ni ìyẹn ti ń wá. Tirẹ̀ ni pé ó ń wo ohun tí ọwọ́ fẹ́ ṣe, ó ń wo ibi tí ọwọ́ dé, ó sì ń tún un ṣe kó tó ṣì lọ.

Ẹ̀gbọ́n Òtítọ́Korò, ẹ wí òótọ́ nípa ọ̀gá yín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ kú. Ní 1988, àwọn nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Faransé daṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò fẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àtijọ́ máa sọ̀rọ̀ fún wọn. Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan rán aṣojú wá, wọ́n jókòó pọ̀. Kí ni wọ́n pe ìjókòó náà? Coordination. Wọ́n yan orúkọ yẹn torí wọn ò fẹ́ ọ̀gá.

Akẹ́kọ̀ọ́Èdè (Kétu) | Ẹtì, 7:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú pé mo tún gbé gírámà dé. Gbogbo wa la kọrin rẹ̀ ní ilé-ìwé: mais, ou, et, donc, or, ni, car. “Mais où est donc Ornicar?”, bí ẹni ń bèèrè ibi tí ẹnì kan tó ń jẹ́ Ornicar wà. Àwọn méje yìí ni “conjonctions de coordination”, torí wọ́n ń so gbólóhùn méjì tí wọ́n jọ dúró, tí ọ̀kan kò sin èkejì.

Ibi tí a ti ń jìyà rẹ̀ nìyí. “Et” ń so ohunkóhun lọ́dọ̀ Faransé. Ọmọ á wá gbé “àti” rẹ̀ síbẹ̀, á kọ pé “Mo jẹun àti mo sùn.” Ìyá tó bí i kò ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láéláé. “Àti” lè so òjò àti ẹ̀fúùfù, kò lè so jíjẹ mọ́ sísùn lọ́nà yẹn. “Mo jẹun, mo sì sùn.” Ẹ wo “sì” yẹn: kò dúró láàárín gbólóhùn méjì bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, inú gbólóhùn kejì ló wọ̀ lọ, ẹ̀yìn “mo” ló sá pamọ́ sí. Nígbà mìíràn sì rèé, a ò fi nǹkan kan so ó rárá: “Ó mú ọ̀bẹ gé iṣu jẹ.” Ìṣe mẹ́ta, ẹnì kan, kò sí alátòó kankan láàárín wọn, wọ́n sì tò.

Orúkọ tí àwọn onígírámà Yorùbá fún gbólóhùn irú èyí tí a fi “sì” tàbí “ṣùgbọ́n” so ni “gbólóhùn alákànpọ̀”. A kàn wọ́n pọ̀, bí káfíńtà ṣe ń kan pákó. Èyí tí ọ̀kan wọ inú èkejì, “gbólóhùn oníbọ̀” ni. Ẹ ò rí i pé a ti ní coordination, a ti ní subordination, nínú ìwé gírámà tiwa.

Olùkọ́Fẹ̀yìntì (Àjàṣẹ́) | Ẹtì, 7:18 àárọ̀

Ọmọ mi, o ṣe é. “Mo jẹun àti mo sùn”: Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ìgbà tí mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ “ìgbìmọ̀ alákànpọ̀” kò ní wọ̀. Wọ́n á ní a ti kan àwọn ní ìṣó.

TẹrminaleD (Àjàṣẹ́) | Ẹtì, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ káàsán sà. Kẹ́mísìrì ní coordination tirẹ̀ náà o. Nínú làbù, olùkọ́ wa da amóníà sínú omi sọ́fétì kọ́pà. Ó kọ́kọ́ dàrú bí omi ẹ̀lùbọ́, bó ṣe ń da á sí i ni ó wá di búlúù kíkí, kíkankíkan, bí aṣọ aláró tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀meje. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé amóníà tò yí kọ́pà ká. Alfred Werner ló ṣàlàyé irú títò bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 1913.

Nǹkan tó rú mi lójú ni pé níbẹ̀, ẹnì kan wà láàárín o. Kọ́pà ni gbogbo wọn yí ká. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ọ̀gá?

Òtítọ́Korò (Àjàṣẹ́) | Ẹtì, 4:52 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ yìí gbọ́n. Ẹ dá a lóhùn.

OnílùGẹ̀lẹ̀dẹ́ (Kétu) | Ẹtì, 9:40 alẹ́

Èmi á dá a lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ò mọ kẹ́mísìrì.

Ìlù ni mo ń lù. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa yìí, UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá ní 2008, fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò pọ̀. Àwọn àlejò máa ń dé, wọ́n máa ń bi mí pé ta ni “chef”, ìyẹn ọ̀gá. Mo máa ń wò wọ́n ni.

Ẹ wá wo agbo ní ọ̀sán. Agbérù méjì, ìyẹn àwọn oníjó, ló ń jáde pọ̀, tí wọ́n múra bákan náà, bí ìbejì. Ṣaworo irin wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ìyáàlù á fọhùn, ẹsẹ̀ á dáhùn. Ohun tí ìlù bá sọ, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ó ṣe wí i, ṣaworo á sì sọ fún gbogbo ìlú bóyá ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa tàbí kò tẹ̀ ẹ́. Bí ìlù bá gé, ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ gé, ṣaworo a dákẹ́ wẹ́lo. Bí ọ̀kan bá fi kún un, kódà ẹyọ kan, àwọn ìyá tó wà létí agbo á ti hó.

Ìyáàlù ló wà láàárín bí kọ́pà ọmọ wa yẹn. Síbẹ̀ mo ń wo ẹsẹ̀ oníjó kí n tó sọ èyí tó kàn. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, tí mo bá fi ìlù lé e bí ìgbà tí ara rẹ̀ yá, ó máa ṣubú, èmi ni wọ́n sì máa bú. Ẹni tó wà láàárín agbo, òun ni gbogbo agbo ń ṣọ́.

Nítorí náà, ọmọ, ẹni àárín lè wà. Ohun tí mo máa bèèrè ni bóyá ó ń gbọ́ ẹsẹ̀.

AláṣọÒfì (Sábẹ) | Ẹtì, 10:01 alẹ́

Ẹ káre, onílù.

Akọ̀wéKétu (Kétu) | Àìkú, 3:25 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ Àìkú o. A ti ṣe ìpàdé, n kò jẹ lílù.

Mo tẹ̀lé Bàbá Olùkọ́. Mo ní: “Ohun tí ìwé náà ń wí ni pé kí ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yan èèyàn méjì méjì, kí wọ́n jọ máa tò ó bí a ó ṣe máa lo omi. Ìgbìmọ̀ elétò ni mo pè é.” Elétò kò ṣàjèjì sí wọn, wọ́n ti ń gbọ́ “àjọ elétò ìdìbò” lórí rédíò. Orí ń mì díẹ̀díẹ̀. Mo tiẹ̀ fi òwú ìta ará Sábẹ kún un, ìyẹn wọ̀ wọ́n.

Ìyá àgbà dìde. Àyà mi já. Wọ́n ní: “Elétò dára. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?”

Kẹ́kẹ́ pa. Ẹ gbọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló wà nínú ìyá. Wọ́n ti rò pé olùdarí ni yóò máa gbé kọ́kọ́rọ́ àgádágodo fọ́ráàjì sápò, tí àwọn á máa kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ní aago márùn-ún àárọ̀ kí ẹ̀gẹ́ tó dé ibi ọlọ. Ẹ̀gbọ́n Òtítọ́Korò, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù: wọ́n gbọ́ ọ yé.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Kọ́kọ́rọ́ fọ́ráàjì á máa yí káàkiri, oṣù kan fún ẹgbẹ́ kan. Àpótí owó ní àgádágodo méjì: kọ́kọ́rọ́ kan lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́gàrí, èkejì lọ́dọ̀ àwọn òbí ọmọ ilé-ìwé, kò ṣeé ṣí àfi bí àwọn méjèèjì bá wà níbẹ̀. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ fọ́ráàjì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, “elétò oṣù” la ń pè é. Nínú ìwé tí a fi ránṣẹ́ padà ní Faransé, mo fi “coordination” àti “coordonnateur” sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn.

A ṣẹ́ kèké fún oṣù àkọ́kọ́. Ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà, wọ́n sì yan ọmọ tó fèsì sí ìyá níjọ́sí. Ìyá wò ó títí. Wọ́n ní kó wá gba nọ́ńbà fóònù àwọn, torí aago márùn-ún kì í yẹ̀.

ZémAláwọ̀Yẹ́lò (Àjàṣẹ́) | Àìkú, 3:40 ọ̀sán

Ẹ fi coordonnées elétò oṣù yẹn ránṣẹ́ sí èmi náà. Ọ̀kadà mi ti dọ̀tí.